Àmù Ń Làágùn: Ìdáhùn fún Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin Kan Lórí Fífi Ìṣòro Kọ́ Ọmọ ní Sáyẹ́ǹsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ọ̀fà. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́, ọmọ 52 ló sì wà níbẹ̀. Tí mo bá ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, wọ́n á dákẹ́ lọ gbáà, wọ́n á da ohun tí mo kọ sójú pátákó kọ, wọ́n á sì kà á sórí. Àmọ́ tí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí aṣọ fi ń gbẹ lórí okùn, ojú mi ni wọ́n á máa wò. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n ní kí a máa fi ìṣòro kọ́ àwọn ọmọ, kí a sì pín wọn sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Mo dán an wò lẹ́yìn tí mo kọ́ wọn tán, ni kíláàsì bá di ọjà. Ọmọ mẹ́ta péré ló ṣiṣẹ́, ọ̀gá iléèwé wá bá mi nítorí ariwo, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà kò sì parí. Ṣé ọ̀nà yìí ṣeé lò ní irú iléèwé tiwa, àbí ti àwọn tó ní yàrá àyẹ̀wò ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, olùkọ́ wa. Ọ̀nà náà ṣeé lò ní iléèwé yín, kò sì béèrè yàrá àyẹ̀wò. Kí n tó sọ bí ẹ ó ṣe lò ó, ẹ jẹ́ kí n fa gbólóhùn kan yọ nínú lẹ́tà yín, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ ní “lẹ́yìn tí mo kọ́ wọn tán” ni ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́. Ohun tí ẹ gbé fún wọn lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìṣòro rárá, iṣẹ́ ìdánrawò ni. Ẹni tí a ti sọ ìdáhùn fún kò tún ní ohun tí yóò máa wá kiri. Àwọn mẹ́ta tó rántí ohun tí ẹ sọ ló kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tó kù sì wá nǹkan mìíràn fi ẹnu wọn ṣe. Nínú ìlànà ìfìṣòrokọ́ni, ìṣòro ló máa ń ṣáájú, ẹ̀kọ́ ló sì máa ń tẹ̀ lé e, débi pé ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè fún ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ọ̀nà ti dí mọ́ ọn, kò sì lè lọ síwájú láìsí i. Bí ẹ bá yí ìtẹ̀léra yìí padà, ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní ṣe yín láǹfààní kankan.

Iléèwé àwọn dókítà ni ìlànà náà ti ṣẹ̀. Yunifásítì McMaster, ní ìlú Hamilton ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí iléèwé ìṣègùn wọn gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ọdún 1969. Dípò kí wọ́n máa ka orúkọ egungun àti iṣan fún àwọn tó fẹ́ di dókítà fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó rí aláìsàn, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kan síwájú wọn: ohun tó ń ṣe é rèé, kí ni ẹ mọ̀, kí ni ẹ kò mọ̀, níbo ni ẹ ó ti wá a? Howard Barrows, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀, wà lára àwọn tó tan ìlànà náà kálẹ̀ jù lọ. Ẹ kíyè sí i pé àgbàlagbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n sì ti mọ bí èèyàn ṣe ń wá ìmọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò tíì dé ibẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Kirschner, Sweller àti Clark, kọ̀wé pé ẹni tí kò tíì mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ kan kò lè rí i kọ́ dáadáa bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó máa fọwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ní ọdún kejì rẹ̀, Hmelo-Silver àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fèsì pé ìfìṣòrokọ́ni kì í ṣe pé kí a pa ọmọ tì, pé ọwọ́ olùkọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ bí a bá ṣe é bó ti yẹ. Lójú tèmi, òótọ́ ni tọ̀tún tòsì ń sọ.

Iṣẹ́ tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó wọ kíláàsì, ìyẹn sì ni yíyan ìṣòro. Ìṣòro tó yẹ ọmọ kíláàsì kẹrin máa ń kéré, ó máa ń ṣeé fọwọ́ kàn, ẹnì kan tí àwọn ọmọ mọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà tó ń dúró de ìdáhùn rẹ̀ ní tòótọ́. Bí ọ̀nà kan kò ti wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà yanjú rẹ̀. Èmi fúnra mi ti kọsẹ̀ níbi yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nípa ìlànà náà, mo wọ kíláàsì karùn-ún kan ní Ìlọrin, mo sì gbé àyà bi àwọn ọmọ pé báwo ni a ṣe lè mú ìdọ̀tí kúrò nínú odò Àsà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a lò lórí rẹ̀. Ohun tí mo rí gbà ni páálí mẹ́fà tí wọ́n kọ “Ẹ má da ilẹ̀ sódò” sí, pẹ̀lú àwòrán ẹja tó ń sunkún. Kò sí ọmọ tó wọn ohunkóhun, kò sì sí èyí tó dán nǹkan kan wò. Ẹ̀bi àwọn ọmọ náà kọ́. Odò tó la Ìlọrin já láti gúúsù dé àríwá, tí gbogbo agboolé tó wà létí rẹ̀ ń da tiwọn sí i, apá àgbà pàápàá kò ká a. Bí ìṣòro bá ti tóbi jù, ọmọ yóò di oníwàásù, kò ní ṣe sáyẹ́ǹsì.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé èyí tó kẹ́sẹ járí ní kíkún, nítorí pé ẹ lè gbé e lọ sí kíláàsì yín bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ aṣọ orí okùn tí ẹ mẹ́nu bà wà nínú rẹ̀, ìyẹn bí omi ṣe ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́. Kíláàsì kẹrin kan ní Ìlọrin ni mo ti wò ó, nínú oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán. Olùkọ́ wọn ti lọ bá ìyá kan tó ń ta tòmátì ní ọjà Ìpàta, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì wà ní iléèwé náà. Ìyá yìí wọlé pẹ̀lú agbọ̀n lórí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ọjọ́ Ajé ni mo ra eléyìí, òní Ọjọ́rú rèé. Ẹ wò ó.” Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, omi sì tú jáde sórí tábìlì. “Owó mi ló ń ṣàn lọ yẹn. N kò ní fìríìjì, bí mo bá tiẹ̀ ní in, iná ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, kí ni kí n ṣe tí yóò fi dé ọjọ́ Àbámẹ́ta?” Ó wá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó sì ń wò wọ́n.

Olùkọ́ náà kò fèsì. Ó pín pátákó sí ọ̀nà mẹ́ta, ó kọ “Ohun tí a mọ̀” sórí àkọ́kọ́, “Ohun tí a kò tíì mọ̀” sórí èkejì, àti “Ohun tí a máa ṣe kí a lè mọ̀” sórí ẹ̀kẹta. Ó sì dojú kọ àwọn ọmọ. Wọ́n ní kí ìyá fi iyọ̀ sí i. Wọ́n ní kí ó sá a sóòrùn bíi tàtàṣé. Wọ́n ní kí ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí pé ibẹ̀ tutù. Ọmọkùnrin kan ní kí ìyá tètè tà á kíákíá, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà sì dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “Ìwọ ni yóò rà á?” Gbogbo rẹ̀ pátá ni olùkọ́ ń kọ sílẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Bí ó ti ń kọ ọ́ ni ẹnì kan sọ pé omi inú àmù tutù ju omi inú ike lọ, kí a gbé tòmátì sínú àmù. Olùkọ́ bi í pé kí ló mú un tutù. Ọmọ náà ní amọ̀ tutù lára ni.

Ọmọbìnrin kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí olùkọ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni kò ti la ẹnu rẹ̀ rí bí kò ṣe pé wọ́n dárúkọ rẹ̀. Kò na ọwọ́ sókè. Ó kàn ní, “Irọ́ ni. Tí wọ́n bá fi òróró pa á, kì í tutù.” Gbogbo ojú yí sí i. Inú mi dùn sí ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn èyí ju gbogbo ohun yòókù tí mo rí lọ́jọ́ náà lọ: kò yìn ín, kò sì tọ́ ọ sọ́nà, ó kàn bi í pé, “Báwo lo ṣe mọ̀?” Ọmọ náà ní ìyá àgbà òun ń mọ ìkòkò ní ẹbu kan ní Òkèlélé, pé ìkòkò ọbẹ̀ ni èèyàn lè fi òróró pa, wọn kì í fi pa àmù, nítorí pé àmù gbọ́dọ̀ máa làágùn. Olùkọ́ kọ “ÀMÙ Ń LÀÁGÙN” gàdàgbà sí abẹ́ ohun tí a mọ̀, ó sì kọ “Kí ni òógùn ń ṣe fún un?” sí abẹ́ ohun tí a kò tíì mọ̀. Agogo lù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ kíláàsì kiri, mo rí àwọn ọmọ tí kò sáré jáde nígbà tí agogo ìsinmi lù.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó ìkòkò kéékèèké wá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bu omi tí ó dọ́gba sínú ohun mẹ́ta: ìkòkò tí a kò fi nǹkan pa, ìkòkò tí a fi òróró pa lẹ́yìn, àti ike. Wọ́n fi èédú fa ìlà sí ibi tí omi dé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ sí ìbòòji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bí iléèwé bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn gbígbóná ara, kì í ṣe irú rẹ̀ ni ẹ ó lò, nítorí pé kò lè ka ohun tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ tó láti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi inú ìkòkò lásán ti lọ sílẹ̀ kúrò níbi ìlà, ó sì tutù ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Omi inú ìkòkò olóróró àti ti ike fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹsẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n wá bi olùkọ́ ni pé níbo ni omi náà gbà lọ nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ ìkòkò gbẹ.

Ìgbà yìí ni olùkọ́ kọ́ wọn. Mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí i pé ó kọ́ wọn, àwọn tó ń pe ìlànà yìí ní ìdákẹ́jẹ́ olùkọ́ kò lóye rẹ̀. Ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣàlàyé gbangba pé ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò rí wà lára amọ̀, pé omi ń gba ibẹ̀ yọ sí ẹ̀yìn ìkòkò, pé bí ó ti ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú lára ooru ìkòkò lọ pẹ̀lú rẹ̀, àti pé òróró ló dí ihò náà pa. Ó ní kí oníkálukú fi omi kan apá, kí ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Lẹ́yìn èyí ló tó dá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé wọn fún wọn, wọ́n sì gbà á gẹ́gẹ́ bí orúkọ ohun tí wọ́n ti mọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ẹ̀yin kọ́ àwọn ọmọ yín tí wọ́n fi ń wò yín lójú. Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀, ìgbà tí a sọ ọ́ ló yàtọ̀.

Wọ́n padà sórí tòmátì. Ẹgbẹ́ kan ní àwọn yóò kó tiwọn sínú ọ̀rá kí wọ́n sì so ó pa. Òmíràn tẹ́ ẹ sínú agbọ̀n lásán. Òmíràn fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó. Ẹgbẹ́ ọmọbìnrin Òkèlélé gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, wọ́n da yanrìn sí àárín méjèèjì, wọ́n sì ń fi omi rin yanrìn náà ní òwúrọ̀ àti ní ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ sílé. Olùkọ́ ló fi ìbéèrè darí wọn débẹ̀, kò ṣàdédé sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Ariwo gidi kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: wọ́n ká ẹgbẹ́ kan mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣa èyí tó le jù, ni àwọn yòókù bá ní ojoro ni. Olùkọ́ bi wọ́n pé kí ló fi jẹ́ ojoro. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló wá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ pé tí tòmátì kò bá rí bákan náà, tí iye rẹ̀ kò sì dọ́gba, a kò ní mọ̀ bóyá ìkòkò ló ṣe é tàbí tòmátì. Òfin àyẹ̀wò tó tọ́ nìyẹn, ẹ ì bá kọ ọ́ sójú pátákó ní ìgbà mẹ́wàá, kò ní wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ka èyí tó jẹrà ní àràárọ̀. Tinú ọ̀rá ló kọ́kọ́ bu, nítorí pé ooru àti omi há mọ́ ọn. Tinú agbọ̀n sunjọ. Tinú ìkòkò méjì ló pẹ́ jù.

Lẹ́yìn tí wọ́n rí èyí ni olùkọ́ tó sọ ìtàn Mohammed Bah Abba fún wọn, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa tí ìdílé rẹ̀ ń mọ ìkòkò, tó fi irú ìkòkò-nínú-ìkòkò yìí gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Ìgbá tí a ń jẹ, tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 3, dúró fún ọjọ́ 27 nínú tirẹ̀. Ká ní ìtàn yìí ló ṣáájú, àwọn ọmọ ì bá ṣe àdàkọ rẹ̀ ni. Nítorí pé ó kẹ́yìn, wọ́n gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn gbọ́ ìròyìn ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ìyá oníto­mátì padà wá gbọ́ èsì. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: “Èló ni ìkòkò ńlá méjì? Ta ni yóò máa pọnmi sí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?” Ẹnu wọ́n wọhò. Iṣẹ́ ìṣirò ni wọ́n fi ìyókù ọ̀sẹ̀ náà ṣe, wọ́n ń fi iye owó tòmátì tó ń bàjẹ́ wé iye owó ìkòkò.

Ní ti ọmọ 52 tí ẹ ní, ẹ má ṣe pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà tàbí méje ni mo fara mọ́, èyí tí yóò jẹ́ mẹ́jọ, kí ẹ sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó ní orúkọ, irú bí akọ̀wé, awọnmi, atọ́jú-ẹrù, agbẹnusọ, àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa béèrè “báwo la ṣe mọ̀?” lọ. Ẹ máa pààrọ̀ iṣẹ́ náà láàárín wọn. Ẹ má kó àwọn tó mọ̀wé jọ sójú kan. Ibi tí mo ti rí ariwo tó burú jù ni ibi tí ohun èlò kò ti kárí, nítorí náà bí ìkòkò bá tó fún ẹgbẹ́ mẹ́rin péré, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ mẹ́rin ṣe ti ìkòkò kí mẹ́rin yòókù ṣe nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá iléèwé rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí ariwo yóò wà, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wà lára àwọn tí àwọn ọmọ yóò jábọ̀ fún. Ọ̀gá tí a ti fún ní àga níbi ìjábọ̀ kì í sáré wọlé nítorí ariwo.

Ní ti ètò iṣẹ́ tí kò parí, ẹ má ṣe é ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ní sáà kan ti tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa kọ́ ìyókù bí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ètò iṣẹ́ yín kalẹ̀, kí ẹ fi ìlà sí gbogbo àkòrí tí ìṣòro yìí yóò kàn. Ti tòmátì lè kan bí omi ṣe ń gbẹ, ooru, ohun èlò àti ìlò wọn, àti ìpamọ́ oúnjẹ. Bí iléèwé yín bá wà lára àwọn iléèwé ìjọba tó ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì KwaraLEARN (ètò Ìpínlẹ̀ Kwara tó ń gbé ẹ̀kọ́ fún olùkọ́ nínú tábúlẹ́ẹ̀tì) láti ọdún 2022, ẹ kò ní láti bá ètò inú rẹ̀ jà. Ẹ gbé ìṣòro náà kalẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan kí àkòrí náà tó kàn, kí ẹ fi àkókò ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì tàbí òpin ọjọ́ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ̀kọ́ inú tábúlẹ́ẹ̀tì sì wá bọ́ sí ipò ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo sọ lókè yẹn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ronú. Bí a bá fi dandan mú ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn kí ó sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu rẹ̀ ì bá wà ní pípadé dòní. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì, kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ kọ ìjábọ̀ ìkẹyìn ní Gẹ̀ẹ́sì bí ìdánwò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ Fúlàní tàbí Nupe láàárín wọn, kí ẹ má ṣe dá wọn sí ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀.

Àwọn ìṣòro mìíràn wà tí agbègbè yín kún fún. Ní àkókò òjò, kòkòrò máa ń wọ èlùbọ́, ẹ sì lè bi wọ́n pé irú igbá tàbí agolo wo ni kòkòrò kì í tètè wọ̀. Omi kànga tó pọ́n jẹ́ òmíràn: yanrìn àti èédú lè mú kí ó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn gbangba, kí ẹ má ṣe dúró kí wọ́n fúnra wọn ṣàwárí rẹ̀, pé omi tó mọ́ lójú lè ní kòkòrò àrùn nínú, àfi kí a sè é, kí ẹnikẹ́ni má sì tọ́ ọ wò. Bí wàrà ṣe ń dì náà dùn ún ṣe, àmọ́ oje bọmubọmu tí àwọn ìyá Fúlàní fi ń dì í máa ń ba ojú jẹ́. Kí ìyá náà ṣe tirẹ̀ níṣojú wọn, kí àwọn ọmọ fi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe tiwọn.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé wọ́n ti jí? Ẹ má ṣe fi iye ọwọ́ tó wà lókè díwọ̀n rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọwọ́ náà ń wá ìyìn lásán. Fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ tó bá bi yín ní ìbéèrè, kì í ṣe ẹni tó dáhùn. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá parí, kí ẹ sì fi wéra. Nínú ìdánwò, ẹ fi ìbéèrè kan tí ẹ kò kọ́ wọn rí kún ti tẹ́lẹ̀: kí ló dé tí wọ́n fi ń fi aṣọ tútù nu ara ọmọ tí ibà mú? Ọmọ tó bá dárúkọ àmù nínú ìdáhùn rẹ̀ ti gba ohun tí ẹ fẹ́ fún un.

Tí ẹ bá ti ṣe é ní àkókò ọyẹ́, ẹ má da àwọn ìkòkò náà nù, ẹ má sì jẹ́ kí ìwé tí wọ́n fi ka tòmátì sọnù. Ẹ tọ́jú wọn di oṣù Kẹfà, nígbà tí afẹ́fẹ́ Ọ̀fà bá ti kún fún omi òjò, kí ẹ sì tún gbé tòmátì sínú wọn. Àmù yóò máa làágùn síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á rin fún omi ju ti oṣù Kejì lọ, ṣùgbọ́n tòmátì kò ní pẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹ pa pátákó rẹ́, ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì lé ọmọ kan lọ́wọ́.